Ọrùn Kẹfà

Tí ẹ̀rọ kan bá ń ké létí Ọ̀gá Má-dún, bí ẹni pé ẹ̀rọ ọ̀hún ń bú bàbá ẹ̀ ni. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi tún lífítì ṣe, àwọn àpótí irin tó ń gbé èèyàn gòkè nínú ilé alájà mẹ́wàá, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó jẹ́ kó dún ju bí ológbò ṣe ń rìn lórí káàpẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Má-dún, orúkọ yẹn sì lẹ̀ mọ́ ọn bí àlẹ̀mọ́.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ojú ìyàwó ẹ̀ rí nǹkan. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, bàbá yìí ti fi òróró sí ilẹ̀kùn, sí fèrèsé, sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, sí ìdí fáànù. Géètì iwájú ilé wọn, tó ti ń ké láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó débẹ̀, ó tú u, ó fọ̀ ọ́, ó da òróró sí i, géètì bá ya odi. Ó wá ku orúnkún ìyàwó ẹ̀, tí òun náà máa ń dún kọ́ọ́ tó bá ń gun àtẹ̀gùn. Ọjọ́ tí ìyàwó rí i tó tẹjú mọ́ orúnkún òun tòun ti agolo òróró lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ló wọ bàtà, tó lọ bá a wáṣẹ́.

Gbọ̀ngàn ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà kan ló wà ní òpópónà kejì sí tiwọn. Àwòrán wà lára ògiri, ère wà ní kọ̀ọ̀rọ̀, àwọn èèyàn sì ń rìn jẹ́jẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó wá wo aláìsàn. Ọ̀gá Má-dún tẹ́tí sí ibẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan, ó ní òun ti délé. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó máa yẹ iná wò, kó máa nu eruku, kó sì rí i pé ilẹ̀kùn ń ṣí, ó sì ń tì. Ọdún kan gbáko ló fi jẹ̀gbádùn kí wọ́n tó gbé àwọn ọrùn dé.

Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ọrùn irin tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò lára, tí kò lẹ́sẹ̀, tó ga ju èèyàn lọ dáadáa, wọ́n tò wọ́n sórí ìlà kan nínú yàrá ńlá. Orí wọn ò ju pẹlẹbẹ bàbà kan tó tẹ̀ kòńkò bíi ṣíbí. Inú ṣíbí yẹn ni ojú wà, ojú ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ pé èèyàn ti dé. Tó o bá dúró síwájú ọ̀kan, á rọra tẹ̀ wálẹ̀ látòkè, á gbé ṣíbí ẹ̀ dé ọ̀gangan ojú ẹ, á wá tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó ń bi ọ́ pé ara ńkọ́. Tó o bá sún mọ́ ọn kíákíá, á fà sẹ́yìn. Tó o bá ń lọ, á máa wò ẹ́ lọ títí wàá fi jáde. Obìnrin kan ló ṣe wọ́n, ọ̀dọ́bìnrin kan tó máa ń jó irin pọ̀ fúnra ẹ̀, tí èéfín iná irin ò sì kúrò nínú irun ẹ̀. Oníṣẹ́-ọnà ni gbogbo wọn ń pè é.

Ọ̀gá Má-dún ní irin lásán ni. Wáyà, sípíríǹgì, bóòtì, ó parí. Àmọ́ ojú ẹ̀ ń rí ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe. Ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin alágbára kan tó ń fi ẹrù rírù jẹun sá wọlé nítorí òjò. Ọrùn kẹta tẹ̀ sí i. Ọkùnrin yìí ṣí fìlà lórí, ó ní, "Ẹ káàsán," ló bá wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnì kan rí òun. Ìyáàfin kan fẹsẹ̀ kọ wáyà ọrùn kejì, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Ti ọrùn kẹfà ló wá yàtọ̀.

Mẹ́jọ yòókù ń tẹ̀ bí omi tó ń ṣàn. Ẹ̀kẹfà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa o, tó bá dé ìdámẹ́rin ọ̀nà, "kẹ́-kẹ̀," á dúró. Á gbọ̀n. Á wá yí ṣíbí ẹ̀ sí ọ̀tún, bí ẹni tí ògiri pè. Ìgbà tó o bá ti sọ̀rètí nù, tó o ti fẹ́ kọjá lọ, ìgbà yẹn ni á rọra tẹ̀ wálẹ̀, á sì wálẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Kí oṣù tó parí, àwọn èèyàn ti sọ ọ́ lórúkọ: Onítìjú.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn tó kọjú sí gbọ̀ngàn náà. Ojoojúmọ́ tí wọ́n bá ti fún un ní ìsinmi ọ̀sán, á ré títì kọjá, á gba iwájú ọrùn márùn-ún àkọ́kọ́ kọjá bí ẹni tí kò rí wọn, ó di ọ̀dọ̀ Onítìjú. Á dúró. Tí Onítìjú bá ti bá ìtìjú ẹ̀ jà tán tó tẹ̀ wálẹ̀, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á bọ́ bàtà funfun ẹ̀, á máa sọ bí àárọ̀ ṣe rí fún un. Bàbá Tíṣà náà wà, tó ti fẹ̀yìn tì láti ilé ìwé tipẹ́, tí kò sì tíì fẹ̀yìn tì nídìí kíkọ́ni. Òun ló máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ẹ̀kẹfà nìkan ló ṣe é bá ṣọ̀rẹ́, torí ẹni tí ara ẹ̀ bá yá jù láti kíni, kéèyàn máa fojú sílẹ̀ wò ó ni.

Ọ̀gá Má-dún nìkan ni inú ẹ̀ ò dùn. "Kẹ́-kẹ̀" yẹn ń wọ̀ ọ́ léyín. Tí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín níwájú ọrùn yẹn, á fọwọ́ bo sípánà tó fi kọ́ ìdí, torí ó dá a lójú pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín: ẹ wo àgbàlagbà tó ní òun mọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń wúkọ́ níwájú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí Oníṣẹ́-ọnà tó rìnrìn-àjò, ó ti kìlọ̀ fún un. Aṣọ gbígbẹ ni kó fi máa nù wọ́n. Kó má tú nǹkan kan. Ọ̀gá Má-dún gbà. Ẹnu ló fi gbà, ọwọ́ ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá gbọ̀ngàn wá sọ fún un pé ìgbìmọ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Àgbà mẹ́ta ni wọ́n, àwọn ni wọ́n máa sọ bóyá àwọn ọrùn yóò máa gbébẹ̀ títí ayé ni, àbí kí wọ́n kó wọn sínú àpótí pákó, kí nǹkan mìíràn gba yàrá. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wò ju ẹyọ kan lọ: ṣé àwọn èèyàn máa ń dúró ti nǹkan yìí, àbí wọ́n kàn ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀gá Má-dún ò sùn dáadáa. Ṣé kí ìgbìmọ̀ wá, kí wọ́n bá ọ̀kan tó ń kọsẹ̀ láàárín mẹ́sàn-án? Ó ní ọmọbìnrin yẹn ṣiṣẹ́ tó dáa, kò yẹ kí ọrùn kan ṣoṣo ba tàwọn yòókù jẹ́. Bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, ó ti tú ọrùn kẹfà.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Níbi oríkèé, bíárìn kan wà níbẹ̀, òrùka irin tí ọta róbótó-róbótó máa ń yí nínú ẹ̀. Iyanrìn ti wọ̀ ọ́, ọta kan sì ti fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Inú bàbá dùn bí inú dókítà tó rí eyín tó ń dunni. Ó yọ ọ́, ó fi tuntun sí i, ó fi gírísì sí i, ó dì í pa. Ó wá bọ́ síwájú ẹ̀. Ọrùn kẹfà tẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ké, kò gbọ̀n, kò wo ògiri. Ọ̀gá Má-dún fọwọ́ gbá a léjìká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò léjìká.

Nígbà tó di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì dé. Ó gba iwájú márùn-ún kọjá, ó dúró. Kò tíì dúró tán tí ọrùn ti wà níwájú ojú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì fà sẹ́yìn. Ó tún padà wá. Ọrùn tún tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì bá padà sídìí ilẹ̀kùn, ó ń fi ìka kà wọ́n: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, èwo ni kẹfà?"

Ọ̀gá Má-dún nàka sí i tìgbéraga-tìgbéraga. "Ìyẹn náà ni. Mo ti tún un ṣe."

Nọ́ọ̀sì ò bá a jà. Ìbá sàn kó bá a jà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ aládùúgbò tó gé igi ìbòòji ẹni kí oòrùn lè wọlé. Ó jókòó díẹ̀, kò bọ́ bàtà, ó dìde, ó lọ. Bàbá Tíṣà dé lẹ́yìn ẹ̀, òun ò tiẹ̀ bá Ọ̀gá Má-dún sọ̀rọ̀. Ọrùn yẹn ló kọjú sí.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ìkánjú?"

Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ńṣe làwọn èèyàn ń wọlé, tí wọ́n ń rìn láti ọrùn kìíní dé ìkẹsàn-án, tí wọ́n sì ń jáde, bí ẹni tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ǹṣì ṣófo. Gbogbo ibẹ̀ wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀ nìyẹn tí ìdákẹ́jẹ́ ń dun Ọ̀gá Má-dún.

Ó délé, ó jókòó, oúnjẹ ò lọ. Ìyàwó ẹ̀ yíjú padà, ó rí i lórí àga, ó fò sókè bí ẹni tí ejò yọ sí. Ó ní ṣé bó ṣe máa wá máa yọ síni nìyẹn, bí olè. Ohùn kékeré ni bàbá fi ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí bíárìn dórí bẹ́ǹṣì.

Ìyàwó fi ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá wọn, ẹ fi òróró sí i."

"Gírísì ni."

"Ẹ wò ó, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fi òróró sí géètì yẹn, mi ò mọ ìgbà tẹ́ ẹ bá wọlé mọ́. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti ké báyìí, màá ti mọ̀ pé ẹ ti dé, màá gbé omi kaná. Nísinsìnyí, àfi kí n kàn yíjú kí n rí yín."

Ọkọ ẹ̀ ní ṣebí géètì yẹn ti ń dípẹtà ni. Ìyàwó ní ìpẹtà ọ̀hún gan-an lòun fẹ́ràn.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, ó kó irinṣẹ́ ẹ̀ dé iwájú ọrùn kẹfà, ó fẹ́ bà á jẹ́ padà. Ibẹ̀ lọ̀ràn gbé bẹ́yìn yọ. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tún nǹkan ṣe, níbo ló ti fẹ́ kọ́ bíbàjẹ́? Ó wá bíárìn àtijọ́ lọ sínú agolo àlòkù, ó rí i, àmọ́ kò sí iyanrìn nínú ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ kó tó jù ú nù, torí bàbá yìí, ohun tó fẹ́ jù nù gan-an, á kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ó bu iyanrìn sí i, ó dá a padà sínú ọrùn. Ọrùn ké bí ìgbà tí wọ́n ń fi àwo họ sìmẹ́ńtì, ọ̀gá gbọ̀ngàn sáré jáde ní ọ́fíìsì tọwọ́ létí. Ó yọ ọ́. Ó tú bóòtì kan díẹ̀, ọrùn ṣubú bí ọ̀mùtí, ó fi ṣíbí gbá ẹ̀karùn-ún lójú, gbàn! Ẹ̀karùn-ún fà sẹ́yìn, ó ń wò ó. Kí Ọ̀gá Má-dún tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ti fún bóòtì yẹn le padà fúnra ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló tú u, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́wọ́ ń dì í.

Ibẹ̀ náà ló wà ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tó bu iyanrìn sínú ife tíì, nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Oníṣẹ́-ọnà ti dé. Báàgì ṣì wà ní èjìká ẹ̀. Ó wo ọrùn tó wà ní títú, ó wo ife, ó wo Ọ̀gá Má-dún.

Bàbá ò wá àwáwí. "Èmi ni. Ẹ ní kí n má tú u, mo tú u. Mo tún un ṣe, mo sì bà á jẹ́. Ẹ forí jì mí."

Oníṣẹ́-ọnà sọ báàgì kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Kí lẹ bá nínú ẹ̀, Bàbá?"

"Iyanrìn. Ọta bíárìn kan sì ti fọ́."

Ọmọbìnrin yìí bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní oṣù mẹ́ta lòun fi wá ohun tó ń ṣe ọrùn yẹn, òun ò rí i. Bíárìn àlòkù ni, òun mú un lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan, òun ò ronú kàn án láé.

"Ẹ mọ ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má tú u? Wọ́n sọ fún mi pé ẹ mọṣẹ́. Ojú ń tì mí kẹ́ ẹ má baà rí iṣẹ́ játijàti tí mo ṣe."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹni méjì ni ìtìjú ọrùn kan ṣoṣo ti ń bá jà, tí oníkálùkù rò pé òun nìkan ni. Wàhálà tó wá kù ni pé ẹni tó ṣe é kò mọ bó ṣe ṣe é, ẹni tó tún un ṣe kò mọ bó ṣe máa bà á jẹ́, ìgbìmọ̀ sì ń bọ̀ lọ́la.

Ìyàwó Ọ̀gá Má-dún ló wọlé bá wọn. Ọkọ ẹ̀ ti gbàgbé awò ojú sílé, òun ló gbé e wá fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nọ́ọ̀sì, ó ń wo àwọn méjèèjì tí wọ́n ń jiyàn lórí irú iyanrìn tó yẹ, bóyá èyí tó kúnná ni àbí èyí tó rí wúruwùru. Nígbà tó sú u, ó ní kì í ṣe ariwo lọ̀rọ̀ yìí.

"Bó ṣe máa ń dúró yẹn ni. Kó kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹ, kẹ́rù bà á, kó tún wá kí ẹ. Ṣebí irú ẹ̀ ni mo fẹ́."

Ọ̀gá Má-dún ní kí Ìyá wọn jọ̀ọ́, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ jù. Oníṣẹ́-ọnà ti sún mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, ẹ sọ ọ́." Màmá bá dìde. Ó ní ọjọ́ tí òun àti ọkọ òun kọ́kọ́ pàdé, iwájú lífítì ni, òun ń dúró, ọkùnrin yìí ń tún un ṣe. Ó fi ara ẹ̀ ṣe é fún wọn: ẹsẹ̀ kan síwájú, ó dúró. Ètè ń gbọ̀n. Ó wá yíjú sí òsì, ó tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni pé ògiri fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti gbé ẹsẹ̀ lọ sídìí àtẹ̀gùn kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní "ẹ kú ìdúró," tó tẹrí ba débi pé iwájú orí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpótí irinṣẹ́.

Oníṣẹ́-ọnà ti yọ aago. "Màmá, ẹ tún un ṣe."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Màmá tún un ṣe, ó sì ń gbádùn ara ẹ̀. Ọ̀gá Má-dún jókòó síbẹ̀, etí ẹ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá ìtìjú ara ẹ̀: méjì fún ìdúró, ọ̀kan fún gbígbọ̀n, mẹ́ta fún ògiri. Kò sì lè ní irọ́ ni.

Òun fúnra ẹ̀ ló wá rí ọgbọ́n ẹ̀. Ó bọ́ bẹ́líìtì awọ tó wà nídìí ẹ̀, ó gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀, ó há a sí ibi oríkèé lọ́nà tó jẹ́ pé tí ọrùn bá dé ìdámẹ́rin, awọ á dì í mú, á sì máa jọ̀wọ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, wọ́n ti gé e, wọ́n ti fá a, wọ́n ti tún un gé. Awọ ò ké kẹ́-kẹ̀, ńṣe ló ń mí fíìì, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún pa á mọ́ra. Ọwọ́ Ọ̀gá Má-dún nà sí agolo òróró. Ìyàwó ẹ̀ gbé agolo, ó fi sínú báàgì, ó pa báàgì dé.

Ọjọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ dé. Àgbà mẹ́ta lóòótọ́, ọ̀kan nínú wọn fi ọ̀pá rìn, aago ara ògiri ló sì ń wò ju ohunkóhun lọ. Àwọn ọrùn ń tẹ̀ sí wọn, wọ́n ń mi orí. Ọ̀gá Má-dún wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ di ṣòkòtò mú torí bẹ́líìtì ti kúrú.

Nọ́ọ̀sì wọlé. Ó rọra ń bọ̀, bí ẹni tó wá wo ilé tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti kó kúrò. Ó dúró síwájú ẹ̀kẹfà. Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Fíìì. Ó dúró.

Nọ́ọ̀sì ò mira. Ọrùn gbọ̀n. Ó yíjú sí òsì, ó ń wo ògiri: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló wá ń bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń bọ̀, títí ṣíbí ẹ̀ fi kọjá ojú, tó kọjá àgbọ̀n, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́tìnnì àyà aṣọ ẹ̀.

"Ọ̀tún lò ń wò tẹ́lẹ̀," nọ́ọ̀sì wí.

Oníṣẹ́-ọnà di apá Màmá mú. Ọ̀gá Má-dún mọ̀ pé ó ti tán. Àtamọ́ àtamọ̀ kan ò lè tan ẹni tó ń wo aláìsàn lójoojúmọ́ jẹ. Nọ́ọ̀sì tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wò ó láti òkè dé ìdí, bó ṣe ń wo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ibùsùn.

"Ara ẹ ò yá ni, àbí? Kú ewu o."

Ló bá jókòó. Ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó bọ́ tòsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta lọ̀rọ̀ ti kó jọ sí i nínú, kò tètè tán. Bàbá Tíṣà dé, ó gba ẹ̀yìn ẹ̀ dúró, òun náà ní kú ewu, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Àgbà tó fi ọ̀pá rìn sún mọ́ wọn, ó bi Tíṣà léèrè kí ló ṣe é. Tíṣà ní ìkánjú ló kì í mọ́lẹ̀, àmọ́ ó ti ń gbádùn. Àgbà yẹn mi orí, kò wo aago mọ́, ó tò sẹ́yìn Tíṣà, ó ń dúró kó kan òun.

Àwọn àpótí pákó tí wọ́n ti kó sílẹ̀ de àwọn ọrùn, inú wọn ni wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ sí báyìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọ̀gá Má-dún dé iwájú ilé. Ó dúró ti géètì. Ó kó iyanrìn díẹ̀ nílẹ̀, ó wò ó ní àtẹ́lẹwọ́, ó tún dà á nù. Ẹ̀mí ẹ̀ ò gbà á. Géètì tó ń lọ geere báyẹn, tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ tún ṣe. Ó wo òkè òpópónà, ó wo ìsàlẹ̀, ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí. Ó ti géètì, bó ṣe ń ṣí, ó fi ẹnu ara ẹ̀ ké:

"Kẹ́-kẹ̀."

Nínú ilé, ó gbọ́ tí ìyàwó ẹ̀ ń gbé ìkòkò omi kaná.